Ọjọ́ Ìdápadà

Ọjọ́ Ajé kan lóṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìkàwé,
wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.
Mo bomi sí òdòdó ojú fèrèsé,
mo fi súwẹ́tà mi sílẹ̀ lẹ́yìn àga.
Ọ̀sẹ̀ méjì!
Nígbà tí mo padà débẹ̀, òdòdó ti di koríko,
súwẹ́tà ti di ilé aláǹtakùn.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé ni mo ń yá ènìyàn,
mo ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn,
mo ń bá ọmọ wí pé kó má jẹ bisikíìtì níbí.
Ní Valdivia, níbi tí òjò ti ń rọ̀
bí ẹni tó ti gba owó iṣẹ́ ṣáájú,
ta ní í ránṣẹ́ pe obìnrin tó ń to ìwé
nígbà tí àrùn bá wọ̀lú?

Àrùn náà kò bi ẹnikẹ́ni pé ìwé mélòó lo kà.
Ó mú Heriberto tó ń ṣọ́ géètì,
tó mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti orúkọ ajá wọn.
Ènìyàn mẹ́sàn-án la débi ìsìnkú.
Àwọn yòókù wà nínú fóònù, wọ́n ń sunkún, a ò gbọ́ wọn:
ẹnì kan ti pa ohùn gbogbo wọn mọ́ wọn lẹ́nu.

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí ayélujára.
Ayélujára kò mọ ọ̀nà Chaihuín.
Rayén Huenumán, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa igbó,
kọ̀wé sí mi, kò kọ ọ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan:
“Ìyáàfin Eduvina, mo ń gun òkè kí n tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Ìyá mi ló ń bá mi di agboòrùn mú.
Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa dá ìwé yín padà?
Owó ìtanràn ń bà mí lẹ́rù.”

Owó ìtanràn! Nígbà tí ikú ń ka orí,
ọmọ yìí ń ka gbèsè ìwé kan ṣoṣo.
Mo rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì ìdáná mi
títí ẹ̀rín fi yí padà mọ́ mi lójú.

Ọ̀gá wa ní òfin kò gbà á. Mo ní òfin wo?
Ó wolẹ̀.
Ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kọ́ ẹnu igi ìgbálẹ̀, ó nà án sí mi.

Ìwé nínú ọ̀rá, ọṣẹ, ìyẹ̀fun.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Ansaldo, tí kì í kí ènìyàn,
ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú fíláàṣì nínú balùwẹ̀,
ibẹ̀ nìkan lariwo àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dé.
Nínú ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ ó gbọ́ tí ẹ̀rọ omi ń kán.
Nínú ìkeje, ó dákẹ́, ó wá ní,
“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun.”

Ọkọ̀ ojú omi gbé mi sọdá sí Corral.
Kìnnìún òkun sùn gbalaja létí omi, ó ń hanrun láìbo imú.

Rayén dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Mo gbé àpò lé òkúta, mo fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà.
Ó gbé e, ó gbé àpò ọ̀dùnkún lé ibẹ̀, òun náà sẹ́yìn.
Òkúta yẹn la fi dì mọ́ra.

Mo ti wo ibi tí à ń kọ ọjọ́ ìdápadà sí tẹ́lẹ̀.
N kò mọ èyí tí ǹ bá kọ.
Mo kọ ọ́ pé: Nígbà tí o bá fẹsẹ̀ ara rẹ gbé e wá.

Nígbà tí mò ń padà, ọ̀dùnkún kan já bọ́ nínú àpò,
ó ń yí kiri lẹ́yìn mọ́tò ní gbogbo kọ́nà.
Mi ò dúró láti mú un.
Ó dára kí nǹkan kan máa pariwo.