Ẹ̀ṣọ́ Tí Kò Relé

Ní La Rinconada, níbi tí wúrà ń sùn sí lábẹ́ yìnyín,
omi tètè máa ń hó, ẹ̀wà kì í jinná bọ̀rọ̀.
Èémí méjì lókè yìí, ọ̀kan péré ni nísàlẹ̀.

Ibẹ̀ ni irin ti gún Nemesio Ccallo lẹ́sẹ̀
nínú ihò tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀.
Ojú egbò náà kò ju èékánná ọmọdé lọ.
Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, ẹsẹ̀ wú, ó ń dán,
ó gbóná bí ìdí ìkòkò.

Hilaria aya rẹ̀ bi mí pé,
"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ki ju oyin lọ.
Kí ló dé tí kò lè wẹ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo?"

Mo kán ọyún sórí gíláàsì,
mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ iyanrìn di àpáta.
Mo rí wọn: sẹ́ẹ̀lì funfun, ẹ̀ṣọ́ ara,
inú wọn là sí awẹ́ mẹ́ta bí obì.
Wọ́n pọ̀. Wọ́n ti pọ̀ jù.

Ìgbà díẹ̀ la dá fún irú wọn.
Wọn a jà, wọn a kú,
àwọn agbálẹ̀ ara a gbé wọn mì,
ilé a sì tutù.
Ikú wọn wà nínú iṣẹ́ tí a rán wọn.

Ṣùgbọ́n níbi tí èémí bá ti wọ́n,
nǹkan kan a jí nínú wọn,
a ní, "Ẹ má tíì kú."
Wọn a máa lá ṣúgà láìdáná,
wọn a jókòó ti egbò.
Iná tí wọ́n fi ń sun kòkòrò ńkọ́?
Afẹ́fẹ́ ni igi rẹ̀, igi sì ti tán.
Ọ̀tá kò kú, ẹ̀ṣọ́ kò kú;
ẹni tí a ní kó ṣọ́ ilé
ló wá ń fọ́ ògiri jẹ.

Mo ní, "Nemesio, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Juliaca. Ọkọ̀ ń lọ láàárọ̀."
Ó mi orí.
Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ti ọ̀gá, ọjọ́ kan ni tirẹ̀,
ọjọ́ tirẹ̀ sì ku ọ̀túnla.

Mo so ọ́síjìn mọ́ ọn nímú.
Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń yún òun.
Hilaria rẹ́rìn-ín.
Èmi ń wo ọwọ́ agogo ara sílíńdà,
ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdo.