Ìlú Kan Wà Lẹ́yìn Ìwé Owó Pákó

Kí ayùn tó jí ní Àtìkòrì, èmi ti jí.
Ìrì ṣì wà lórí gẹdú,
fìtílà oníbátìrì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Mo ní wákàtí méjì
kí Alàgbà Ọ̀dúbánjọ tó ṣí ilé ìlagi,
kí n tó padà di akọ̀wé tí ń ka pákó:
onímẹ́rin, onímẹ́fà, ta ló san, ta ló jẹ gbèsè.

Ní wákàtí méjì yẹn, mo ní ìjọba kan.
Ẹ̀yìn-Ìrì lorúkọ rẹ̀.
Ẹ má wá a lọ sí ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè;
ẹ̀yìn ìwé owó pákó ni mo yà á sí.
Odò rẹ̀ gba àárín orúkọ àwọn onígbèsè kọjá.
Òkè tó ga jù níbẹ̀, tíì ló dà sílẹ̀,
mo sì sọ ọ́ lórúkọ.

Níbẹ̀, ènìyàn lè fò.
Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀,
orúkọ ẹnìkan tó fẹ́ràn á bọ́ lọ́kàn rẹ̀.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá òfin yìí.
Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, n ò lè kọ idán ọ̀fẹ́.

Ìyá mi ní, "Irọ́ yìí náà ni o ò tíì pa tán?"
Ó da omi sí gààrí, ó wò mí títí.
"Àwọn ará Ẹ̀yìn-Ìrì ọ̀hún, kí ni wọ́n ń jẹ?"
N ò tíì ronú kàn án.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá oúnjẹ fún wọn.
Níkẹyìn mo fún wọn ní ewùrà,
torí kò sí ayé tí mo lè dá
tí kò ní ní ìkọ́kọrẹ́.

Mo máa ń ṣa nǹkan jọ:
ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ agbégilódò,
labalábá òru tó kú sẹ́bàá gílóòbù,
ìlà róbótó inú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.
Mo kà á lọ́jọ́ kan, ó lé ní ọgọ́rin,
ọdún kan wà nínú rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.
Ọ̀dá ni, àbí ìbànújẹ́?
Ó di orí kejìlá.

Bánúsọ, ọmọ Ọ̀ṣínúsì tó ń pọ́n ayùn,
òun nìkan ló ń kà á bí mo ṣe ń kọ ọ́.
Orúkọ rẹ̀ ní kí ènìyàn bá inú sọ,
ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ náà kì í dákẹ́:
ta ló ń ṣọ́ ibodè lóru, kí ló gba òjìji Ayaba?

Lóṣù tó kọjá, mo pa Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́, atukọ̀ àgbà.
Ó fò lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí ọmọ ọlọ́mọ.
Orúkọ tó kù lọ́kàn rẹ̀ kò ju tirẹ̀ lọ,
òun náà sì bọ́.
Mo sunkún díẹ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́.

Bánúsọ kò kí mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ẹ̀yìn òkìtì pákó ló ń gbà, bí ẹni tó ń sá fún olówó èlé.
Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ju bébà kan sórí tábìlì mi:
"Ẹ ti gbàgbé. Ní orí kẹta, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún ọkọ̀ rẹ̀.
Ọkọ̀ náà ṣì mọ̀ ọ́n."

Mo ṣí orí kẹta. Òótọ́ ni.
Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, n ò sì rántí.
Bóyá mo ti fò níbì kan láìmọ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ òfìfo kan wà lójú omi Ẹ̀yìn-Ìrì,
ó ń pe orúkọ kan.
N ò tíì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni yóò dáhùn.
Ayùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké nísàlẹ̀.
Ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn: pákó onímẹ́fà, ogún, kíákíá.
Ẹ dúró ná, ni mo wí.
Ẹ dúró ná.