Ẹ Jẹ́ Kó Mumi Ná

Ogójì dọ́là ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára
ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní títì Selkirk, ní Winnipeg,
láàárín àwo tó ti sán àti bàtà yìnyín ọmọdé:
dùùrù àgbékọ́rùn, pupa fòò,
eyín funfun méjì ti ká lẹ́nu rẹ̀.
Mo ná an di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.
Ìyá àgbà tó ń tà á wò mí tòkè-tilẹ̀.
"Ṣé o mọ̀ ọ́n tẹ̀?"
Mo ní, "Rárá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n rà."

Òótọ́ ni mo sọ. Ẹ bi Mọrẹ́nikẹ́.
Gìtá mẹ́ta ló ń sùn lábẹ́ ibùsùn wa,
fèrè kan wà nínú páálí ìrẹsì,
bánjò tí awọ rẹ̀ ya
fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí onígbèsè.
Ó ní bí òmíràn bá tún wọlé,
kí èmi àti ẹ̀ jọ kó lọ sí gáréèjì.
Kò mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà fún mi.

Gáréèjì Orest la ti ń pàdé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Orest fi ọgbọ̀n ọdún tún ọkọ̀ ojú irin ṣe,
ó ń lu ìlù bí ẹni tó ń wá ìṣó tó sọnù.
Dalisay ló di báàsì mú, nọ́ọ̀sì òru,
ó máa ń sùn lórí ìdúró láàárín orin kan sí èkejì.
Garnet ni ọmọ onílẹ̀ gan-an:
bàbá bàbá rẹ̀ ti ń ta gòjé
kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ìlú yìí sórí ìwé.
A ò lórúkọ. Orúkọ mẹ́fà la ti jà lé lórí.

Òtútù alẹ́ ọjọ́ náà,
itọ́ ń dì kó tó kanlẹ̀.
Mo já wọlé, ọwọ́ mi ti wà lára ìdè àpótí.
Orest figbe ta: "Má ṣí i!
Òtútù ṣì wà nínú egungun rẹ̀.
Bó o bá fà á báyìí, á ya.
Gbé e kalẹ̀. Fún un ní wákàtí kan."

Mo rántí ilé wa ní Ìgbájọ:
àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn dé,
omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un,
a kì í tíì bi í pé kí ló gbé e wá.
Mo sọ ọ́ fún wọn. Garnet mi orí,
ó bu omi sí ife,
ó gbé e síwájú àpótí.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bóyá Dalisay, díẹ̀.

Ọdún kan àtààbọ̀ la ti jọ ń ṣeré,
wákàtí tí a ò ta nǹkan kan yẹn
ni mo tó gbọ́ pé Orest ní ọmọbìnrin kan ní Calgary
tí kì í gbé fóònù rẹ̀,
pé ẹni mọ́kànlá ló ń jẹun lọ́wọ́ Dalisay,
pé Garnet ò lè ka ìwé orin,
èmi náà ò sì lè kà á.

Nígbà tí a ṣí i,
súìtì kan tó ti di òkúta la bá,
àti ìwé ìwọlé ijó kan, ọdún 1958.
Orest ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀
lédè ìyá rẹ̀. Kò túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Mo gbé e kọ́rùn, mo fà á.
Ohùn àkọ́kọ́, màlúù tó ń ṣépè.
Èkejì sàn díẹ̀.
Ìkẹta, Garnet wá a kiri lórí okùn gòjé rẹ̀,
ó rí i,
Dalisay lajú.

Ní Sátidé a ṣeré létí pápá yìnyín kan.
Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wá.
Ọkọ̀ tó ń dán yìnyín bo ìdajì orin wa mọ́lẹ̀,
ọbẹ̀ ẹ̀wà ni wọ́n fi sanwó fún wa.
A gbà á. Ó gbóná.

Aago kan òru ni mo délé.
Mọrẹ́nikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó wo àpótí pupa, ó wò mí.
Mo ní, "Má tíì bi mí ná."
Ó wọlé lọ. Ó gbé omi jáde,
ó fi ife náà kanlẹ̀ gbà,
kò sì sọ èyí tó bù ú fún nínú àwa méjèèjì.