Ibi Tí Orí Ń Sùn

Oṣù kẹta. Òjò àkọ́rọ̀ ti ta sí páànù lẹ́ẹ̀mejì ní Mákùn.
Mo gbé agolo bisikíìtì sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù,
mo da rìsíìtì inú rẹ̀ sórí ẹní:
ti dókítà eyín, ti awò ojú,
ti bàtà òtútù tí mo rà lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì,
èyí tí kò wúlò fún ìjọba kankan
tí n kò sì lè jù nù.

Odùnọlá pè láti Wínípẹ̀ẹ̀gì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wọn.
"Bàámi, wọ́n mà ti tún un yí padà o.
Owó àgbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ léṣìí
kọ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ mọ́.
Ìbéèrè kan wà lójú ìwé kejì.
Ẹ jọ̀ọ́, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi dáhùn rẹ̀ ná."
Mo ṣí ojú ìwé kejì.
Ìbéèrè náà ò gùn.
Níbo nilé rẹ?

Bàbá mi, Ṣówándé ọlóbì, kò kọ fọ́ọ̀mù rí.
Bí akódà bá ti ń bọ̀ wá gba owó orí,
abẹ́ igi obì ló ń sá lọ.
Ìyá mi á gbé ẹ̀bà sísàlẹ̀ agbè bí ẹni ń lọ pọnmi,
èmi á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, màá máa súfèé.
Ọdún tí obì kò so ni wọ́n rí i mú.
Ó sùn síta kọ́ọ̀tù, ó bọ̀ láàárọ̀, ó ní:
"Wọ́n ka orí mi bí ẹni ka obì sí agbọ̀n.
Wọn ò bèèrè bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́."

Èmi ọmọ rẹ̀ kò sá.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì,
kí n tó fojú kan owó ni wọ́n ti yọ tiwọn.
Ta ló sì lè sápamọ́ nínú òjò dídì?
Ipasẹ̀ rẹ ni yóò tọ́ka rẹ.
Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án,
mo mọ̀ ọ́n lórí ju oríkì mi lọ.

Odùnọlá ti fi ọdún mi sára tábìlì kọ̀ǹpútà,
ó pín mi bí ẹni pín ẹran iléyá:
ọjọ́ báyìí fún wọn, ọjọ́ báyìí fún ibí,
kí n má kàn fẹsẹ̀ kan ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́sàn-án.
Ẹ̀gbọ́n mi Efúnyẹmí ń bó obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
"Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́sàn-án, ọjà mélòó nìyẹn?"
Mo ṣírò. "Ọjà mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó dín díẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín títí èèpo obì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ẹni tó bá ná ọjà mẹ́rìndínláàádọ́ta nílùú kan
tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó,
ta ní ń bi í pé ọmọ ibo ni?"

N kò dá a lóhùn.
Bàbá wa wà lábẹ́ pálọ̀ tí a jókòó sí yìí.
Ìyá Odùnọlá wà lọ́hùn-ún,
lábẹ́ òkúta kékeré tí òjò dídì máa ń bò mọ́lẹ̀
títí a ó fi máa fọwọ́ gbá a kiri
kí a tó rí orúkọ rẹ̀.
Fọ́ọ̀mù náà ní àpótí kan fún un:
Opó, Bẹ́ẹ̀ ni. Opó, Bẹ́ẹ̀ kọ́.
Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fa ìlà sí.

Mo wá pọ́n ẹnu pẹ́ńsùlù, mo kọ Mákùn.
Ó kéré nínú àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀.
Mo fẹ́ fi nǹkan kún un.
Iná lọ.
Efúnyẹmí ní kí n dúró, òun ń wá ìṣáná,
mo sì gbọ́ tó tẹ rìsíìtì bàtà mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn.