Kí Ló Ń Lé Yín?

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Agbowó ò tíì jí.
Ajá ojúlé kẹta gbó mi lẹ́ẹ̀kan, ó rántí mi, ó padà sùn.
Ọdẹ àdúgbò tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú:
"Ìyá Kọ̀ǹpútà, kí ló ń lé yín?"

Àgbà ní a kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún;
bí a ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa.
Mo fẹ́ dá a lóhùn. Èémí ò jẹ́.

Àga ló ń lé mi.
Ọdún mọ́kàndínlógún lórí àga kan náà,
tí mò ń tẹ ìwé àṣekágbá fún ọmọ ọlọ́mọ.
Àwọn di dókítà, èmi di àpò ìrẹsì.
Nọ́ọ̀sì kan l'Ádéọ̀yọ́ fi rọ́bà dì mí lápá,
ó wo nọ́ńbà, ó tún un wò,
ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá bá òun wò ó.
Bí nọ́ọ̀sì bá ti pe nọ́ọ̀sì, eré yá nìyẹn.

Eré! Ta ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀?
Lọ́jọ́ kìn-ín-ní mo dúró lẹ́ẹ̀mẹrin,
mo dì mọ́ òpó iná bí ẹni dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Ibẹ̀ ni Bàbá Olúòkun bá mi,
ẹni tó fẹ̀yìn tì nídìí aago reluwé ní Dùgbẹ̀,
ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí ọ̀pá agboòrùn, ṣòkòtò péńpé.
"Má ka máìlì," ó ní. "Òpó ni kó o kà.
Sá méjì, rin ọ̀kan.
Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, sá mẹ́ta."

A di márùn-ún.
Sìfáwù tó ń ránṣọ ní Sáńgo.
Akinlàjà tó ń lẹ táyà, tó ń fi bàtà bọ́ọ̀lù sá.
Móyọ̀sórẹ, tí ọkùnrin kan sọ fún pé ó ti sanra jù;
ọkùnrin náà ò lè bá a mọ́ báyìí,
bó o bá fẹ́, túmọ̀ rẹ̀ sọ́nà méjì.

Ìlú yìí ò tẹ́jú fún ẹnikẹ́ni.
Bódìjà á rọra gbé ọ gòkè bí owó èlé.
Mọ́kọ́lá ò tan ènìyàn ní tiẹ̀, ó kàn dúró síbẹ̀.
L'Ókè Àrẹ̀mọ, àyà mi ń lù kìkìkì
bí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ń tán lọ.
A dókè, a bojú wẹ̀yìn:
páànù tó dógùn-ún, páànù tó dógùn-ún, títí dé ibi tí ọyẹ́ gbé wọn mì.

Sátidé kan, Bàbá ò wá.
Ìkejì, kò wá.
Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ wa ló yà sí Yemẹtù.
Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bándéèjì yí orúnkún rẹ̀ ká,
aago reluwé lọ́wọ́.
Kò kí wa. Ó ní:
"Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́. Àti ọjọ́ méje."

Láti ọjọ́ náà, Yemẹtù di ibùdókọ̀ wa.
A ń kọjá, ó ń ké ìṣẹ́jú,
aládùúgbò ń bú u pé kó jẹ́ káwọn sùn.

Ọjọ́ ìdíje dé, kìlómítà mọ́kànlélógún, Eléyẹlé sí Mápó.
Nígbà tó ku mẹ́rin, itan mi kọ̀wé fipò sílẹ̀.
Mo tẹ ìwé náà dáadáa, n ò fọwọ́ sí i.
Sá méjì, rin ọ̀kan. Ojú ò tì mí.
Ipò kọkànlá lé lẹ́gbẹ̀ta ni mo ṣe.
Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fà á nílà lábẹ́.

Ọjọ́ Ajé. Aago márùn-ún ku mẹ́wàá.
Tọ́ọ̀ṣì tàn.
"Ìyá Kọ̀ǹpútà, ohun tó ń lé yín, kò tíì bá yín ni?"
Èémí wà lẹ́nu mi lọ́tẹ̀ yìí.
"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn," mo ní.
"Mo fi òpó méjì ṣíwájú rẹ̀."