Ọjọ́ Ìdápadà

Ìwé mẹ́ta ni mo yá lóṣù tó kọjá
ní ilé ìkàwé, lọ́nà Alágbàka.
Abílékọ Olúwatúyì wo káàdì, ó wo bàtà mi,
ó ní, "Baba ọdẹ, ṣé ẹ ó lè kà wọ́n tán?"
Mo ní òru ló gùn, ìyá, kì í ṣe ìwé.

Ilé epo kan ni mò ń ṣọ́ lọ́nà Ọba-Ilé.
Bí wọ́n bá ti ti ẹ̀rọ pa,
tí àwọn ajá bára wọn jà tán,
mo máa ń jókòó sábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo tó kù,
èmi àti àwọn kòkòrò tó ń fi orí gbá iná.

Èyí àkọ́kọ́ dá lórí oyin.
Mo rò pé mo mọ oyin: ó ń ta ni, ó dùn.
N kò mọ̀ pé bí ọ̀kan bá rí òdòdó,
ijó ló máa fi júwe ọ̀nà fún àwọn ará ilé.
Oyin wà lórùlé ilé jẹnẹrétọ̀ wa.
Máníjà ní kí n finá sí wọn.
Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kà á parí ná."
Ó wò mí bí ìgbà tí ewúrẹ́ kí i káàárọ̀.
Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ìkejì, ìtàn ni.
Obìnrin kan jáde nílé lóru, ó ń tọ odò lọ
pẹ̀lú àpótí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí.
Òru márùn-ún ni mo fi bá a rìn.
Lóru kẹfà ó gbé àpótí kalẹ̀ létí omi,
ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò,
àfi bí ẹnìkan ṣe ti ya ojú ìwé tó kẹ́yìn lọ.
Mo gbọn ìwé náà bí ẹni gbọn àpò ìrẹsì tó ti tán.
Àkùkọ kọ. Mo bú ẹni tí n kò mọ̀.

Abílékọ Olúwatúyì fọwọ́ pa ibi tó ya náà.
Ó ní, "Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà lórí àga yìí.
Òǹtẹ̀ mẹ́tàlélógún ló wà lẹ́yìn ìwé yìí.
Kò sẹ́ni tó wá fẹjọ́ sùn rí."
Àwa méjèèjì dákẹ́.
Fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ atẹ́gùn kankan.

Ìwé kẹta tín-ín-rín: àrùn igi kòkó.
N ò mọ ohun tó mú mi mú un. Bóyá àwọ̀ rẹ̀.
Òǹtẹ̀ kan péré ló ṣáájú tèmi, oṣù kẹsàn-án, 1987.
Wọ́n ní èso tó bá ti dúdú,
ká ká a kúrò, ká sin ín jìnnà, kí òjò tó tún dé.
Ẹnìkan fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ ìlà yẹn.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́: Ó ti pẹ́ jù.

Akínfọlárìn, bàbá mi, kò mọ̀wé.
Àtàǹpàkò ló fi ń buwọ́ lùwé.
Ọdún yẹn gan-an ni oko wa ní Ọ̀wẹnà dúdú
láti orí igi dé orí igi.
Ó ta ilẹ̀, ó kó wa wá sí yàrá kan ní Òkè-Àró.
Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú ilé ìkàwé kọjá
lọ síbi tó ti ń kó yanrìn,
ìwé yẹn wà nínú lọ́hùn-ún, lórí pẹpẹ, ó ń gbó.
N kò sunkún.
Mo pa gílóòbù, mo sì tún tàn án.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi pẹ́. Mo san owó ìtanràn.
Mo dá ti oyin padà, mo dá ti kòkó padà.
Èyí tó ya, mo ní kó tún un lóǹtẹ̀ fún mi.
"Ṣebí ẹ ti kà á tán?"
"Ibi tí wọ́n ṣẹ́kù sílẹ̀ ni mo kà tán."
Ó lu òǹtẹ̀, ó rọra fa ìwé náà sọ́dọ̀ mi.
"Bí ẹ bá mọ ohun tó wà nínú àpótí,
ẹ wá sọ fún mi. Aago mẹ́rin ni mo ń ṣíwọ́."