Ojú Àpá, Ojú Fíìmù

Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń fọ fíìmù n'Ìkẹ́rẹ́,
nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ilé Fájọbí bá ti dákẹ́,
tí òkè Olósùnta jókòó sẹ́yìn ilé wa
bí àgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀, tí kò fẹ́ dá sí i.
Mo lẹ páálí mọ́ fèrèsé, mo ki aṣọ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn.
Fíìmù yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó kù:
pupa tó kọjá pupa ló ń rí,
ìmọ́lẹ̀ tí ojú ọmọ èèyàn ò bá pàdé rí.
Ewé kòkó á funfun bí òwú lọ́wọ́ rẹ̀,
ojú ọ̀run ọ̀sán gangan á dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán àkọ́kọ́.
Ìlà eérú kan gbọọrọ nísàlẹ̀, láti etí dé etí.
Lójú ọ̀run, òrùka dúdú wẹ́wẹ́.
Lára àpáta, èérún funfun,
bí ẹni pé ẹnìkan wọ́n iyọ̀ sí i.
Mo jókòó ti abọ́ omi, mo bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Omi ni mo kọ́kọ́ mú. Omi kànga wa
ń ru iyanrìn wá láti inú àpáta láì sọ fún ẹnikẹ́ni.
Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì;
èérún dín kù, kò tán.
Òrùka ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ni, èmi ni mo sì jẹ̀bi:
mo da oògùn sínú ike, mo ń ronú owó ilé ìwé,
n kò fi ìdí ike gbá tábìlì
kí afẹ́fẹ́ tó dì mọ́ fíìmù lè jáde.

Nínú ọyẹ́ èṣí, odindi fíìmù kan sán
bí ilẹ̀ odò tó gbẹ.
N'Ìkọ̀gòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé,
wọn a jọ máa ṣàn lọ, wọn kì í jà.
Orí fíìmù ni wọ́n ti ń jà.
Láti ìgbà náà mo ń tọ́ omi wò
bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun.

Ó wá ku ìlà eérú.
Mo fura sí ike, mo fi bébà fàdákà wé e. Ìlà.
Mo fura sí ihò kọ́kọ́rọ́, mo fi ọṣẹ dí i. Ìlà.
Mo fura sí Ṣùbúọlá àbúrò mi, tí kì í kan ilẹ̀kùn;
ó bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.
Alàgbà Ọ̀ṣúntúyì, tó ya ìgbéyàwó gbogbo àdúgbò yìí
kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì, òun ló bi mí:
"Ta ló ń ka ihò etí fíìmù fún kámẹ́rà tuntun rẹ?"
N kò mọ̀.
"Iná kékeré kan wà nínú ikùn rẹ̀.
Ìwọ ò rí i. Fíìmù rẹ ń rí i."
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà!
Mo gbé tuntun jókòó, mo yá ti Alàgbà,
èyí tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí.

Òun ni mo fi ya yèyé mi lábẹ́ igi obì.
Kò sí ìlà, kò sí òrùka,
àfi èérún funfun méjì lára gèlè.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dán bí ẹyin. Inú mi dùn.
Yèyé gbé e síwájú oòrùn, ó wò ó títí.
"Ta nìyí?"

Àpá epo gbígbóná tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀,
ti àárọ̀ tó ń dín àkàrà
tí ìrọbí mi fi mú un lójijì,
fíìmù wo abẹ́ awọ kọjá, kò kí i.
Wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara.
Lójú fíìmù yìí, wọ́n jọ.
"Dá a padà," ni yèyé wí.

Búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ fi pa èérún rẹ́,
òun ni mo tì bọ yíǹkì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
"Ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni yèyé ń wí léjìká mi,
"sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, síbi àgbọ̀n."
Èérún méjì ṣì wà lára gèlè.
Kò béèrè wọn.